Táńkì ti gbẹ, widget ní omi kún: àkọsílẹ̀ àtúnṣe widget ojú fóònù

Táńkì omi méjì ló wà nílé wa. Mo so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ìdérí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Apá yẹn kò yọ mí lẹ́nu rí. Èyí tí mo rò pé ó kéré jù ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi: widget ojú fóònù, tó yẹ kó máa fi nọ́ńbà náà han gbogbo ará ilé láì jẹ́ pé wọ́n ṣí áàpù rárá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ibi tí mo ti ṣìnà, torí ẹni tó bá ń kọ widget fún Android yóò bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀fìn yìí pàdé lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láti balùwẹ̀. Wọ́n ní, "Widget rẹ ní omi wà. Mo ti fi ọṣẹ para, kò sí ẹ̀kán omi kan lẹ́nu ẹ̀rọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé omi wá, kí n sì wo fóònù yín."

Lójú fóònù wọn, widget kọ 78%. Mo ṣí áàpù: 4%. Mo padà sí ojú fóònù: 78% ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ti yọ àwọn tó kù kúrò nínú ẹ̀sùn. Ẹ̀rọ ìwọnmi sọ òótọ́, kọ̀ǹpútà inú ilé sọ òótọ́, áàpù sọ òótọ́. Widget nìkan ló kù.

Kí ni widget gan-an? Èmi pàápàá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé áàpù kékeré kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni áàpù mi ń di ìtọ́ni kan jọ bí ẹni di lẹ́tà: kọ 78 síbí, kun ibí ní búlúù, bí wọ́n bá tẹ ibí, ṣí áàpù. RemoteViews ni Android ń pe lẹ́tà yìí. Áàpù yóò fà á lé AppWidgetManager lọ́wọ́, yóò sì dé ọ̀dọ̀ launcher, ìyẹn áàpù tó ni ojú fóònù. Launcher ló ń ya nọ́ńbà tí a ń rí. Bí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, áàpù tèmi lè sùn, ó lè kú, wọ́n lè pa á, àwòrán yóò ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwòrán ara ògiri ni widget, kì í ṣe fèrèsé.

Ewu rẹ̀ nìyẹn. Áàpù tó bá bàjẹ́ máa ń ti ara rẹ̀ pa, gbogbo ayé á sì mọ̀. Widget tó bá bàjẹ́ máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó mọ́ kedere, bó ṣe dán lánàá ló ṣe dán lónìí.

Ọjọ́ kejì

Kí n tó wá ìdí rẹ̀ rárá, mo fẹ́ kí widget jẹ́wọ́ ọjọ́ orí nọ́ńbà tó gbé lọ́wọ́. Mo fi ìlà kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ láti kọ aago. Ìlà kan péré, àṣìṣe méjì ni mo sì ṣe nínú rẹ̀.

Èkíní, aago tí widget ya ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, dípò aago tí ẹ̀rọ wọn omi. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ̀rọ ìwọnmi bá kú lánàá, tí kọ̀ǹpútà inú ilé sì ń fún mi ní nọ́ńbà àná, widget yóò kọ "14:20 òní" lé e lórí. Aago tí mo fi síbẹ̀ kó lè jẹ́rìí òótọ́ yóò wá máa jẹ́rìí irọ́. Mo yí i padà. Aago gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà rìn láti orí táńkì títí dé ojú fóònù.

Èkejì, mo kọ ọ́ báyìí: "ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn", torí pé ó rọrùn kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà nìyẹn náà. Bí kò bá sí lẹ́tà tuntun, "ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn" yóò wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Mo pa á rẹ́, mo kọ 14:20 sípò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta

Kíá ni aago náà sọ ohun kan. 09:10, 09:40, 10:10, 10:40. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú géérégé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣẹ́jú 10 ni mo kọ sínú fáìlì XML: updatePeriodMillis="600000". Android kò kọ̀, kò kìlọ̀, kò sọ nǹkan kan. Iye yòówù tó bá kéré sí 1800000, ìyẹn ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30 náà ni yóò kà á sí. Ó sì ní ìdí: irú ìmúdójúìwọ̀n yìí máa ń jí fóònù tó ti sùn, bí gbogbo widget bá sì ń jí fóònù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bátìrì kò ní rí ọ̀sán.

Mo fẹ́ gbà pé mo ti rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í kúrò ní 78% bọ́ sí 4% láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé wa, àfi bí táńkì bá là. Nǹkan míì wà níbẹ̀.

Mo padà sínú kóòdù. Nínú onUpdate, ìyẹn apá kóòdù tí Android ń pè nígbà tó bá fẹ́ kí widget tún ara rẹ̀ yà, mo dá thread kan, ìyẹn iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, sílẹ̀ kó lọ bu nọ́ńbà wá láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, onUpdate fúnra rẹ̀ sì ń parí lójú ẹsẹ̀ láì dúró dè é. Tó bá ti parí, lójú Android, iṣẹ́ ti tán nínú áàpù yìí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á nígbàkigbà tó bá nílò àyè. Nígbà míì èsì á dé kí wọ́n tó pa á, nígbà míì kò ní dé. Lórí fóònù mi tó ní àyè púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kùnà. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi tí áàpù kún inú rẹ̀, ó ń kùnà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí tí èmi kò fi rí i fún oṣù kan gbáko nìyẹn.

Mo kó iṣẹ́ náà fún WorkManager, irinṣẹ́ Android tó ń bójú tó iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. onUpdate yóò kàn to iṣẹ́ kan sí ìlà, WorkManager yóò sì mú un ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, yóò dì í mú títí yóò fi parí. Mo fi sórí fóònù tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aago widget kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sẹ́yìn rí. Mo ka ìyẹn sí àṣeyọrí, mo sì lọ sùn.

Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún

Ará ilé ní táńkì kejì ńkọ́? Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣe ojú ìwé ìṣètò tó máa ń yọ nígbà tí wọ́n bá fa widget sí ojú fóònù: yan táńkì òkè tàbí táńkì ìsàlẹ̀, kí o sì tẹ "Ó dáa". Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ pé widget "kò wọlé".

Tèmi kò wọlé lóòótọ́. Mo yàn, mo tẹ "Ó dáa", ojú fóònù ṣófo. Android ń retí kí ojú ìwé ìṣètò dáhùn pẹ̀lú RESULT_OK àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ widget náà, EXTRA_APPWIDGET_ID. Èmi dá RESULT_OK padà, mo gbàgbé nọ́ńbà ìdánimọ̀. Mo fi í sí i, widget wọlé. Mo sì kọ RESULT_CANCELED sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé náà gan-an, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yí ọkàn padà tó sì tẹ bọ́tìnì ìpadà, Android yóò mọ̀ pé kò sí widget tí à ń gbé kalẹ̀.

Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan kan lójú. Ìwé ìtọ́ni Android sọ ọ́ kedere, mo kàn fò ó ni: bí widget bá ní ojú ìwé ìṣètò, Android kì í pe onUpdate nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ojú ìwé ìṣètò ló gbọ́dọ̀ ya á nígbà àkọ́kọ́ yẹn kó tó ti ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa pa widget rẹ́, yóò tún máa gbé e padà, yóò máa tún fóònù tàn, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kóòdù méjì ló kù.

Ìkẹta ló gbé mi lọ jìnnà jù. Widget méjì wà lójú fóònù báyìí, òkè àti ìsàlẹ̀, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá tẹ̀ nínú méjèèjì, táńkì ìsàlẹ̀ ló ń ṣí. Mo yẹ ibi ìpamọ́ ìṣètò wò, ó dáa. Mo yẹ àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ wò, wọ́n yàtọ̀. PendingIntent ni, ìyẹn àṣẹ tí a dì sínú lẹ́tà fún ìgbà tí wọ́n bá tẹ widget. Nígbà tí Android bá ń wò ó bóyá PendingIntent méjì jọ ara wọn, kì í wo ẹrù tí a dì sínú wọn gẹ́gẹ́ bí extras. Méjèèjì ń ṣí ojú ìwé kan náà, nọ́ńbà ìbéèrè wọn jẹ́ 0, torí náà ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lójú rẹ̀, ẹrù tó dé gbẹ̀yìn ló sì bo ti àkọ́kọ́. Mo lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ widget gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìbéèrè, ọ̀rọ̀ parí. Áàpù tó bá dojú kọ Android 12 tún gbọ́dọ̀ sọ bóyá PendingIntent rẹ̀ kò ṣeé yí padà (FLAG_IMMUTABLE) tàbí ó ṣeé yí padà (FLAG_MUTABLE), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí n fi èyí sí: bí widget yín bá kọ̀ láti yọ rárá, tí ojú fóònù ń sọ pé kò ṣeé gbé jáde, ẹ wo fáìlì ìrísí rẹ̀. RemoteViews kì í gba gbogbo ìrísí. LinearLayout, FrameLayout, RelativeLayout, TextView, ImageView, ProgressBar, gbogbo ìyẹn dáa. ConstraintLayout tó mọ́ wa lára kò sí nínú wọn.

Ọjọ́ kẹfà

Fóònù mi gbóná nínú àpò, bátìrì sì ti lọ sí ìdajì kí ọ̀sán tó pé. Mo ṣí fáìlì àkọsílẹ̀ áàpù mi. Láàrin wákàtí kan, wọ́n ti pe onUpdate lé ní igba (200) ìgbà.

Ta ló ń pè é? updatePeriodMillis kò lè pè é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú wákàtí kan. Mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí iṣẹ́ náà kàn máa dá nọ́ńbà kan náà padà: àyípo náà kò dúró. Mo sọ iṣẹ́ náà di òfìfo pátápátá, kó bẹ̀rẹ̀ kó sì parí láì ṣe nǹkan kan: kò dúró. Mo yọ ìlà tó ń to iṣẹ́ náà sí WorkManager: ó dúró wẹ́lo. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe kọ́ ló fà á. Pé iṣẹ́ kan wà, tó sì parí, ìyẹn nìkan ti tó.

Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tan adb logcat, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ fóònù hàn lórí kọ̀ǹpútà bó ṣe ń wọlé, mo sì jókòó tì í. Ìlà méjì ń tẹ̀ lé ara wọn láì sinmi: RescheduleReceiver enabled, RescheduleReceiver disabled, enabled, disabled.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. RescheduleReceiver ni etí tí WorkManager fi ń gbọ́ pé fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn padà, kó lè tún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tò. Bí kò bá sí iṣẹ́ kankan tó kù nílẹ̀, WorkManager á pa etí yẹn dé, torí kò wúlò mọ́. Bí iṣẹ́ bá dé, á ṣí i. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n lójú Android, ṣíṣí tàbí pípa apá kan áàpù jẹ́ ìyípadà nínú áàpù náà, bí áàpù tó ní widget bá sì yí padà, Android á ní kí widget rẹ̀ tún ara wọn yà. Ó pe onUpdate. onUpdate tèmi to iṣẹ́ tuntun, etí ṣí. Iṣẹ́ parí, kò sí òmíràn nílẹ̀, etí pa dé. Áàpù ti yí padà, Android pe onUpdate. A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe níbẹ̀. Android tọ̀nà, WorkManager tọ̀nà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé nínú onUpdate mi ni àyípo ti bí ara rẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọjọ́ tí àìsàn yìí le jù ni widget dára jù lójú. Aago tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí mo torí rẹ̀ lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta, àyípo yìí ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, bí widget yín bá ń tún ara rẹ̀ yà ju bí ẹ ṣe ní kó ṣe lọ, ẹ má yọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n pe onUpdate.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Mo sọ updatePeriodMillis di 0. Mo to iṣẹ́ àṣetúnṣe kan sí ìlà, tí yóò máa padà wá ní ìṣẹ́jú 15-15, èyí tó kéré jù tí WorkManager gbà. Nínú onEnabled, tí Android ń pè nígbà tí wọ́n bá gbé widget àkọ́kọ́ kalẹ̀, ni mo ti ń tò ó, nínú onDisabled, tó ń pè nígbà tí wọ́n bá yọ èyí tó kẹ́yìn, ni mo ti ń fagi lé e. Nítorí pé irú iṣẹ́ yìí kì í parí pátápátá, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, etí kì í pa dé mọ́. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: onUpdate kò gbọ́dọ̀ to iṣẹ́ kankan mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ló ń bu nọ́ńbà wá, tó ń tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, tó sì ń fi lẹ́tà tuntun ránṣẹ́ sí launcher. onUpdate kàn ń ka èyí tó wà nílé, ó sì ń yà á. Bí Android bá pè é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kò sí ewu.

Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí mi ò fi lo aago ìdágìrì tó péye, èyí tó máa ń dún ní ìṣẹ́jú tí a bá dá gan-an. Láti Android 12 ni áàpù ti nílò àṣẹ àkànṣe fún un, ní Android 14, ọ̀pọ̀ áàpù tuntun kì í sì rí àṣẹ náà gbà àfi bí oní-fóònù bá lọ tàn án fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jí ènìyàn ní aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ṣe é fún. Omi táńkì lè dúró fún ìṣẹ́jú 15.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Fóònù mi dára. Mo fi sórí ti ẹ̀gbọ́n mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e wá.

"Ó tún ti dúró. Aago tó kọ síbẹ̀ ni 22:40, ilẹ̀ sì ti mọ́ tipẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí áàpù o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bó ṣe wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò ju bó ṣe rí lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo wa máa ń ṣe bí widget bá dúró ni kí á ṣí áàpù rẹ̀, ṣíṣí yẹn gan-an ló sì ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ó ń jí áàpù, ó ń tú iṣẹ́ tó há sílẹ̀, widget á dá padà, a ò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Mo fura sí Doze, oorun tí Android 6.0 gbé dé ní 2015. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì láì mì, tí kò sí lórí iná, tí ojú rẹ̀ sì kú, Android á ká iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ jọ, á sì máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àwọn àkókò tó dá fún wọn. Ìyẹn lè ṣàlàyé òru. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti tan ojú fóònù, Doze parí, iṣẹ́ tó ti pẹ́ á sì ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo fóònù láti bí wákàtí kan. Mo dán an wò lórí fóònù tèmi pẹ̀lú adb shell dumpsys battery unplug àti adb shell dumpsys deviceidle force-idle: widget dúró, mo tú u sílẹ̀, kò pẹ́ tí nọ́ńbà fi yí. Doze kọ́.

Mo fura sí ìsọ̀rí tí Android 9 bẹ̀rẹ̀ sí í pín áàpù sí ní 2018, níbi tí áàpù tí a kì í sábà lò ti ń gba àyè díẹ̀. adb shell am get-standby-bucket dáhùn 10, ìyẹn ìsọ̀rí òkè pátápátá, ti áàpù tó ń ṣiṣẹ́. Òun náà kọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè lọ́wọ́ adb shell dumpsys package, mo sì rí i láàrin ọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀: stopped=true.

Áàpù tó bá wà ní ipò yìí kò sùn, wọ́n dá a dúró ni. Ọjọ́ ti pẹ́, láti Android 3.1, tí ipò yìí ti wà: kò ní gbọ́ ìpè tí Android fi ń jí áàpù, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́, títí ènìyàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ta ló dá a dúró? Ètò ìpamọ́ bátìrì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà fi kún un, tó ń gbá gbogbo áàpù tí kò mọ̀ dànù ní òru. Mo lọ sí ètò bátìrì áàpù náà, mo yan Unrestricted, mo sì jẹ́ kó lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tí fóònù náà ti ń béèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ ibi wọ̀nyí yàtọ̀ láti fóònù sí fóònù, torí náà mo kọ àlàyé kan sínú áàpù, tó máa yọ nígbà tí ẹnì kan bá gbé widget kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti tún fóònù kan ṣe. Fóònù míì yóò wá, ìmúdójúìwọ̀n kan yóò dé tí yóò dá ètò náà padà, widget yóò sì tún dúró síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó mọ́ kedere. Lóòótọ́, ní Android 15, widget áàpù tí wọ́n bá dá dúró máa ń ṣú, ènìyàn á sì rí i pé nǹkan ṣe é. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dé ibẹ̀. Aago 22:40 wà lójú widget lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré kì í ṣírò, nọ́ńbà ńlá ló ń rí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ronú lórí bí àwòrán ṣe lè máa dàgbà lẹ́yìn tí ayàwòrán ti kú.

Ìdáhùn náà ti wà nínú àwọn ìrísí tí RemoteViews gbà látọjọ́ yìí: Chronometer. Launcher ló ń kà á. Mo kàn ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà, yóò sì máa ka ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá lọ fúnra rẹ̀, yálà áàpù tèmi wà láàyè tàbí kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ìṣirò elapsedRealtime, ìyẹn iye àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí fóònù ti tàn, kì í ṣe aago ojú ògiri. Torí náà mo yọ ọjọ́ orí nọ́ńbà kúrò nínú elapsedRealtime, mo sì fún un ní èyí tó kù. Mo dá áàpù mi dúró tipátipá lórí fóònù àtijọ́ kan láti dán an wò, mo lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo padà dé, 1:12:40, ó ṣì ń kà. Mo sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ńlá lójú, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdá omi níbi tí ojú kò ti lè fò ó.

Bí mo ṣe ń dán an wò ni mo rí irọ́ tó kẹ́yìn. Mo tún fóònù náà tàn, widget kọ 100%. Táńkì kò kún rárá. Nígbà tí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kí áàpù tó fi lẹ́tà tuntun ránṣẹ́, initialLayout ni launcher ń fi hàn, èmi ni mo sì kọ 100 síbẹ̀ nígbà tí mo ń ya ìrísí rẹ̀, kó lè lẹ́wà nínú àwòrán àyẹ̀wò. Mo fi "--" rọ́pò rẹ̀. Àwòrán àyẹ̀wò ní ibi tirẹ̀ láti Android 12, previewLayout. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà àpẹẹrẹ yẹ kó máa gbé.

Àbúrò mi, iPhone

iPhone ni àbúrò mi ń lò, ó sì ń kọ widget tirẹ̀. Kúkúrú ni ìtàn rẹ̀. Láti iOS 14 ní 2020, WidgetKit, ètò Apple fún widget, kì í jẹ́ kí áàpù wá máa ya widget nígbà tó bá wù ú. Áàpù á to àwọn àwòrán ọjọ́ iwájú kalẹ̀ pẹ̀lú aago wọn, iOS á máa fi wọ́n hàn. Ìsọdọ̀tun ní ìwọ̀n: widget tí ènìyàn ń wò déédéé máa ń rí bí 40 sí 70 gbà lójúmọ́. Àbúrò mi ń dán tirẹ̀ wò láti inú Xcode, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù iPhone, ó sì ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, lójú ẹsẹ̀ ló ń yí." Mo ní kó yọ wáyà, kó sì lò ó fún ọjọ́ kan, torí ìwọ̀n yẹn kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń yẹ áàpù wò láti Xcode. Lọ́jọ́ kejì ó ti yé e. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Text, apá tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú widget, lè gba ọjọ́ àti aago kan kó sì máa ka àkókò láti ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fi ọjọ́ méjì wá lórí Android, ìlà kan ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé lórí fóònù mẹ́rin. Nínú fáìlì àkọsílẹ̀, onUpdate kò ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ lójúmọ́ lórí ìkankan wọn. Ní ọ̀sán, ọjọ́ orí nọ́ńbà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 25 lọ: mẹ́wàá ti ẹ̀rọ ìwọnmi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti WorkManager. Mo fi bọ́tìnì ìsọdọ̀tun sí i fún ẹni tí kò lè dúró.

Lánàá, rọ́tà inú ilé, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kú láì sí ẹni tó mọ̀. Mo wà níta. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Widget rẹ kọ 61."

"Èló ni ó kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti gun òkè lọ kan táńkì wò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti tan ẹ̀rọ ìfami, kó o wá wo rọ́tà rẹ tó o bá dé."